Ọjọ́ Wo Ni Igi Dé? Ìtàn Àwọn Àtẹ tí a fi ń Ṣètò Iṣẹ́

Ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, àti ẹ̀yin ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ tí ẹ ó di olórí iṣẹ́ lọ́la, mo fẹ́ fi ìtìjú ara mi ṣí ọ̀rọ̀ yìí, nítorí inú ìtìjú náà ni mo ti kọ́ ohun tí mo fẹ́ sọ.

Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní ilé-ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ni, a rán mi lọ sí abúlé àwọn àgbẹ̀ kan, kí n máa ṣe iṣẹ́ katikíìsì níbẹ̀, kí n sì máa kọ́ àwọn ọmọdé ní ìwé. Abẹ́ igi ni a ti ń kọ́ wọn. Ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, ìjọ pinnu láti kọ́ iyàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ kan kí òjò tó bẹ̀rẹ̀. Àwọn ọkùnrin po ẹrẹ̀, àwọn obìnrin pọn omi, ògiri sì dìde kíákíá. Ọwọ́ mi ni a fi owó sí. Ohun tí mo kọ́ fi owó náà rà ni páànù, nítorí ó wù mí kí àwọn tí ń kọjá lọ rí i bí ó ti ń dán, kí wọ́n sì mọ̀ pé iṣẹ́ ń lọ. Òjò àkọ́rọ̀ dé, òrùlé kò tíì sí lórí ilé. Òjò àti ẹ̀fúùfù lu ògiri wa, apá kan sì wó lulẹ̀. Inú bí mi púpọ̀. Mo dìde ní àárín ìpàdé, mo bá kàpẹ́ńtà wí lójú gbogbo ènìyàn, mo pè é ní ọ̀lẹ, mo sì ní ìjáfara rẹ̀ ni ó ba iṣẹ́ wa jẹ́. Ọkùnrin náà kò fọhùn. Ṣùgbọ́n baba arúgbó kan, àgbẹ̀ tí kò mọ̀wé, dìde, ó ṣí fìlà rẹ̀, ó sì fi ohùn pẹ̀lẹ́ bi mí léèrè pé, "Tíṣà, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má bínú. Ọjọ́ wo ni igi dé ọwọ́ rẹ̀?"

Ẹnu mi wọhò. Ọjọ́ kẹrin nìyẹn tí igi dé. Èmi tí mo fi owó ra páànù ní ìbẹ̀rẹ̀ ni mo jẹ́ kí owó igi pẹ́ kí ó tó pé. Àwọn lagilagi kò sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ títí wọ́n fi rí owó wọn. Páànù wà nílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀, kò sí igi tí a lè kàn án mọ́. Kàpẹ́ńtà ń dúró de lagilagi, lagilagi ń dúró de owó, owó sì wà lọ́wọ́ ẹni tí ń bú kàpẹ́ńtà. Àwọn àgbà ní, "Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà." Èmi kò tilẹ̀ gbọ́ ẹjọ́ ẹnìkan kí n tó dá a. Mo tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ọkùnrin náà ní ìpàdé tí ó tẹ̀lé e, níwájú àwọn kan náà tí mo ti bú u.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń wá ìtàn àwọn tí wọ́n ti ronú lórí irú ọ̀rọ̀ yìí: kí ni ó yẹ kí a kọ́ ṣe, kí ni ó ń dúró de kí ni, ta ni ó sì ń fa ẹlòmíràn sẹ́yìn? Mo rí i pé ọ̀rọ̀ náà ní ìtàn tí ó gùn, ó sì la ilẹ̀ púpọ̀ kọjá. Mo sì rí i pé irú àtẹ kan náà lè jẹ́ pàṣán lọ́wọ́ ẹnìkan, kí ó jẹ́ fìtílà lọ́wọ́ ẹlòmíràn. Ohun tí ó ya méjèèjì sọ́tọ̀ ni ẹni tí a kọ́kọ́ bi léèrè.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé àjèjì ni ìṣètò iṣẹ́ jẹ́ fún àwọn baba wa. Nínú àáró, ẹgbẹ́ àgbẹ̀ a máa lọ sí oko ara wọn ní yíyípo. Olúkúlùkù mọ ẹni tí oko rẹ̀ kàn, kò sì sí ẹni tí í fo ẹlòmíràn. A tún mọ bí a ti ń wọn iṣẹ́. Ìwọ̀fà ní iye ebè tí a dá fún un. Nígbà tí ó bá kọ iye náà tán, ìyókù ọjọ́ náà di tirẹ̀. Inú orí àti ẹnu àwọn àgbà ni ètò wọ̀nyí wà, ó sì tó fún iṣẹ́ tí ogún tàbí ọgbọ̀n ènìyàn ń ṣe lójú ara wọn. Ṣùgbọ́n nígbà tí ẹgbẹ̀rún ènìyàn bá ń ṣe iṣẹ́ kan, tí ẹni tí ń rọ irin kò mọ ẹni tí yóò fi irin náà kan ọkọ̀, orí ẹnìkan kò lè gbà á mọ́. Nígbà náà ni a nílò ohun tí ojú lè rí.

Inú mi dùn láti sọ fún yín pé ọwọ́ olùkọ́ ni a ti rí ọ̀kan nínú àwọn àtẹ tí ó kọ́kọ́ gbajúmọ̀. Joseph Priestley, oníwàásù tí ń kọ́ni ní ilé-ẹ̀kọ́ Warrington ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tẹ àtẹ kan jáde ní ọdún 1765 láti ran àwọn tí ń kọ́ ìtàn lọ́wọ́. Ó fa ọdún kalẹ̀ láti òsì sí ọ̀tún gẹ́gẹ́ bí ẹni ń tẹ́ ọ̀nà, ó sì fa ìlà kan fún ìgbé-ayé ẹni olókìkí kọ̀ọ̀kan: níbi tí a bí i, ìlà bẹ̀rẹ̀, níbi tí ó kú, ìlà parí. Orúkọ bí 2,000 ni ó wà nínú àtẹ náà. Akẹ́kọ̀ọ́ lè wò ó lẹ́ẹ̀kan, kí ó sì mọ ẹni tí ó bá ẹlòmíràn láyé àti ẹni tí kò bá a. Ẹ fi iṣẹ́ rọ́pò ìgbé-ayé, kí ẹ fi ọjọ́ rọ́pò ọdún, ẹ ó sì rí ohun tí àwọn ẹ́ńjínnìà padà ṣe ní ọdún tí ó lé ní 100 lẹ́yìn rẹ̀.

Ọ̀kan nínú àwọn ẹ́ńjínnìà náà ni Karol Adamiecki, ọmọ Pólándì, tí a bí ní ọdún 1866. Ilé-iṣẹ́ tí a ti ń tẹ irin gbígbóná ni ó ti ń ṣiṣẹ́. Ó kíyèsí i pé irin gbígbóná kì í dúró de ẹnikẹ́ni: bí ẹ̀rọ kan bá pẹ́, irin a tutù, gbogbo ẹ̀rọ tí ó kàn a sì dúró lásán. Ní ọdún 1896 ó ṣe àtẹ kan tí ó pè ní harmonogram, tí í ṣe àwọn pélébé bébà tí a tò sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn. Pélébé kọ̀ọ̀kan dúró fún iṣẹ́ kan, a sì lè sún àmì rẹ̀ sókè tàbí sísàlẹ̀ títí gbogbo iṣẹ́ yóò fi bá ara wọn mu. Ní ọdún 1903 ó ṣàlàyé ìlànà rẹ̀ fún àwọn ẹ́ńjínnìà ní Yekaterinoslav, ìlú tí a ń pè ní Dnipro ní Ukraine lónìí. Ṣùgbọ́n èdè Pólándì àti èdè Rọ́ṣíà ni ó fi ń kọ̀wé. Nítorí náà àwọn tí ń sọ èdè Gẹ̀ẹ́sì kò gbúròó rẹ̀, orúkọ ẹlòmíràn ni ayé sì fi ń pe irú àtẹ bẹ́ẹ̀ títí di òní. Àwa tí ń fi èdè baba wa kọ̀wé kò lè gbọ́ ìtàn náà kí ó má dùn wá.

Ẹlòmíràn náà ni Henry Laurence Gantt ti Amẹ́ríkà. Ṣùgbọ́n kí a tó sọ tirẹ̀, ó yẹ kí a mọ ọ̀gá tí ó bá ṣiṣẹ́, Frederick Winslow Taylor, ẹni tí a bí ní 1856 tí ó sì kú ní 1915. Taylor gbàgbọ́ pé ọ̀nà kan wà tí ó dára jù láti ṣe iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan, àti pé a lè fi aago wá a rí. A ó dúró ti òṣìṣẹ́, a ó tẹ aago bí ó ti ń gbé ọwọ́, a ó yọ ìgbésẹ̀ tí kò wúlò kúrò, a ó sì kọ iye ìṣẹ́jú tí ó yẹ kí iṣẹ́ náà gbà sílẹ̀. Ìwé tí ó fi ṣàlàyé ìlànà yìí jáde ní ọdún 1911. Iṣẹ́ pọ̀ sí i ní àwọn ibi tí a ti lò ó, owó àwọn òṣìṣẹ́ mìíràn náà sì pọ̀ sí i. Ṣùgbọ́n àwọn tí aago dúró tì kò rí i bí ọ̀rẹ́. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 1911 kan náà, àwọn tí ń da irin ní ilé-iṣẹ́ ohun ìjà ìjọba ní Watertown, ní ìpínlẹ̀ Massachusetts, fi iṣẹ́ sílẹ̀ nígbà tí a fẹ́ fi aago wọn iṣẹ́ wọn. Ìgbìmọ̀ àwọn aṣòfin wádìí ọ̀rọ̀ náà, Taylor fúnra rẹ̀ sì wá jẹ́rìí níwájú wọn. Ní ọdún 1915 àwọn aṣòfin kò gbà mọ́ kí a fi owó tí wọ́n yà fún iṣẹ́ ológun san owó irú aago bẹ́ẹ̀. Ohun tí àwọn òṣìṣẹ́ náà ń sọ kò ṣòro láti mọ̀: aago kò bi ọ̀gá léèrè ohunkóhun. Òṣìṣẹ́ nìkan ni ó ń bi.

A bí Gantt ní Calvert County, ní ìpínlẹ̀ Maryland, ní ọdún 1861, ọdún tí ogun abẹ́lé Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀. Ilé olóko ni a bí i sí, bàbá rẹ̀ sì ní ẹrú. Maryland sọ àwọn ẹrú di òmìnira ní ọdún 1864, ọrọ̀ ilé náà sì fọ́. Gantt lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ McDonogh, a dá owó sílẹ̀ níbẹ̀ fún ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ tí kò ní. Lẹ́yìn tí ó jáde ní yunifásítì Johns Hopkins ní 1880, ó padà lọ ṣe olùkọ́ níbẹ̀, kí ó tó lọ kọ́ iṣẹ́ ẹ́ńjínnìà. Ní ọdún 1887 ó bá Taylor ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ irin Midvale ní Philadelphia.

Ó yẹ kí a dúró díẹ̀ síbi ọ̀rọ̀ ẹrú yìí. Ní àwọn oko ìrẹsì South Carolina àti Georgia, a máa ń dá iṣẹ́ òòjọ́ fún ẹrú kọ̀ọ̀kan, bí àwọn baba wa ti ń ka ebè fún ìwọ̀fà. Ní àwọn oko òwú, a máa ń wọn òwú tí ẹnìkọ̀ọ̀kan já ní ìrọ̀lẹ́, a sì ń kọ ọ́ sínú ìwé tí a ti fa ìlà sí, orúkọ ní òsì, ọjọ́ lókè. Ẹni tí tirẹ̀ kò bá pé, ẹgba ni. Caitlin Rosenthal, tí ó kọ ìwé lórí ìṣirò àwọn olóko wọ̀nyí ní ọdún 2018, fi hàn pé àtẹ tí ó mọ́ tí ó sì gún régé ti wà lọ́wọ́ akóniṣiṣẹ́ kí ó tó dé ọ́fíìsì ẹ́ńjínnìà. Kì í ṣe ìtàn àjèjì ni èyí fún wa, nítorí àwọn ènìyàn wa wà lára àwọn tí a kó kọjá òkun, pàápàá lọ sí Brazil àti Cuba. Nítorí náà, nígbà tí a bá yin àtẹ pé ó ń mú kí iṣẹ́ yá, kí a má ṣe gbàgbé pé ẹni tí ó ni pàṣán náà mọ àtẹ́ fà.

Gantt kò sá fún ọ̀rọ̀ yìí. Ó mọ̀ pé kíkó ènìyàn ṣiṣẹ́ tipátipá ní orúkọ búburú, ó sì kọ̀wé pé ìgbà ìfipá-múni-ṣiṣẹ́ gbọ́dọ̀ kọjá, kí ìgbà ìkọ́ni dé. Ní ọdún 1901, ní ilé-iṣẹ́ irin Bethlehem, ó gbé ìlànà owó kan kalẹ̀. Ẹni tí ó bá parí iṣẹ́ òòjọ́ rẹ̀ gba àfikún lórí owó rẹ̀. Ẹni tí kò bá parí i gba owó òòjọ́ rẹ̀ láìdín. Lẹ́yìn náà ni ó fi ohun tí mo fẹ́ràn jù kún un: olórí àwọn òṣìṣẹ́ náà gba àfikún lórí ẹnìkọ̀ọ̀kan tí ó yege lábẹ́ rẹ̀, àfikún náà sì ń pọ̀ sí i bí gbogbo wọn bá yege. Láti ọjọ́ náà, èrè olórí wà nínú kíkọ́ ẹni tí ó kẹ́yìn. Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ ro ó wò bí a bá ń san owó wa lọ́nà bẹ́ẹ̀!

Àtẹ rẹ̀ ń tẹ̀lé èrò kan náà. Ní ìbẹ̀rẹ̀, ó ń fa ìlà dúdú síwájú orúkọ ẹni tí ó gba àfikún lọ́jọ́ kan, àti ìlà pupa síwájú orúkọ ẹni tí kò gbà á. Bí pupa bá pọ̀ ní ọ̀wọ́ kan, ó hàn gbangba pé ìṣòro náà ju ọ̀lẹ ènìyàn kan lọ. Lẹ́yìn náà ni ó ń ṣe àtẹ fún àwọn ẹ̀rọ pẹ̀lú. Bí ẹ̀rọ kan bá dúró lásán, a ó kọ ìdí rẹ̀ sí i: ṣé kò sí òṣìṣẹ́ ni, tàbí kò sí irin, tàbí ẹ̀rọ bàjẹ́, tàbí a kò rí iṣẹ́ gbà? Ẹ wò ó dáradára. Irin tí kò dé, iṣẹ́ tí a kò rí gbà, ẹ̀rọ tí a kò tún ṣe: ẹrù ọ̀gá ni púpọ̀ nínú wọn. Gantt sọ ọ́ ní ọdún 1915 pé kò tọ́ kí a ka owó ẹ̀rọ tí ó dúró lásán mọ́ iye owó ọjà tí a ṣe, bí ẹni pé òṣìṣẹ́ ni ó ná an. Èyí ni mo pè ní fìtílà: ìmọ́lẹ̀ tí ó tàn sókè pẹ̀lú, tí kò mọ sí ìsàlẹ̀ nìkan.

Nígbà tí Amẹ́ríkà wọ inú ogun àgbáyé kìn-ín-ní ní ọdún 1917, Gantt fi àtẹ rẹ̀ ran ìjọba lọ́wọ́ nínú ṣíṣe ohun ìjà àti kíkan ọkọ̀ ojú omi. Ọwọ́ òsì ni a kọ orúkọ iṣẹ́ sí, ọjọ́ sì wà lókè. Ìlà fẹ́ẹ́rẹ́ fi ohun tí a pinnu hàn, ìlà tí ó nípọn fi ohun tí a ti ṣe hàn. Ẹni tí ó bá wò ó yóò mọ̀ lójú ẹsẹ̀ ibi tí a pẹ́ sí. Ó kú ní oṣù Kọkànlá ọdún 1919. Ọ̀kan nínú àwọn tí ó bá a ṣiṣẹ́, Wallace Clark, kọ ìwé lórí àtẹ náà ní ọdún 1922, a sì túmọ̀ rẹ̀ sí èdè púpọ̀. Walter Polakov, tí òun náà ti bá Gantt ṣiṣẹ́, gbé e lọ sí ilẹ̀ Sófíẹ́ẹ̀tì ní ọdún 1929, nígbà tí ìjọba ibẹ̀ ń ṣe ètò ọlọ́dún márùn-ún wọn.

Síbẹ̀ àtẹ Gantt ní àbùkù kan. Ó ń fi hàn pé iṣẹ́ kan pẹ́, ṣùgbọ́n kò fi hàn dáradára ohun tí ìpẹ́ náà yóò fà lẹ́yìn, nítorí ìlà kọ̀ọ̀kan dá dúró. Ní ọdún 1957, Morgan Walker ti ilé-iṣẹ́ DuPont àti James Kelley ti Remington Rand wá ojútùú rẹ̀. Wọ́n so iṣẹ́ mọ́ iṣẹ́ bí ẹni ń hun àwọ̀n, wọ́n sì fi ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà ṣírò ọ̀nà tí ó gùn jù láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Ẹ jẹ́ kí a fi iyàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ mi ṣe àpẹẹrẹ, pẹ̀lú iye ọjọ́ tí ó rọrùn láti kà. Ìpìlẹ̀ gba ọjọ́ 6, ògiri gba ọjọ́ 20. Ó di 26. Lílà igi gba ọjọ́ 28, gbígbé e wá gba ọjọ́ 7. Ó di 35. Kàpẹ́ńtà kò lè to igi òrùlé títí ògiri yóò fi parí tí igi yóò sì dé. Iṣẹ́ rẹ̀ gba ọjọ́ 5, kíkan páànù sì gba ọjọ́ 3. Bí a bá tẹ̀lé ọ̀nà ògiri, ọjọ́ 34 ni. Bí a bá tẹ̀lé ọ̀nà igi, ọjọ́ 43 ni. Nítorí náà ilé kò lè parí kí ọjọ́ 43 tó pé, bí àwọn tí ń mọ ògiri tilẹ̀ ń sáré. Wọ́n ní ààyè ọjọ́ 9. Kíkán wọn lójú kò ṣe wá ní oore kankan. Páànù ńkọ́? Bí rírà rẹ̀ bá gba ọjọ́ 2, ó lè dúró títí ọjọ́ 38 yóò fi kọjá. Ṣùgbọ́n bí igi bá pẹ́ ní ọjọ́ kan, gbogbo ilé pẹ́ ní ọjọ́ kan. Ọ̀nà igi ni ọ̀nà tí kò gba ìjáfara. Baba arúgbó yẹn ti rí i láìfi ìṣirò kankan ṣe. Ní ilé-iṣẹ́ DuPont ní Louisville, nígbà tí a lo ìlànà yìí fún títún àwọn ẹ̀rọ ṣe, wákàtí 125 tí ilé-iṣẹ́ náà máa ń fi wà ní títì dín kù sí 93.

Ní àkókò kan náà, àwọn ológun ojú omi Amẹ́ríkà ń ṣe Polaris, ohun ìjà tí a ń yìn láti inú ọkọ̀ abẹ́ omi. Wọ́n ṣe àwọ̀n tiwọn ní ọdún 1958, wọ́n sì pè é ní PERT. Nítorí iṣẹ́ tí ẹnikẹ́ni kò ṣe rí ni, wọn kò lè sọ pé ọjọ́ báyìí ni yóò gbà. Wọ́n wá ń bèèrè ọjọ́ mẹ́ta: bí ohun gbogbo bá lọ dáradára, bí ó ti sábà máa ń rí, àti bí ohun gbogbo bá burú. A ó fi 4 sọ ti àárín di púpọ̀, a ó fi méjì yòókù kún un, a ó sì fi 6 pín in. Bí ó bá jẹ́ ọjọ́ 4, 6 àti 14, ọjọ́ 7 ni a ó kọ sílẹ̀. Ọgbọ́n ńlá ni, nítorí ó gba òṣìṣẹ́ láàyè láti sọ ìbẹ̀rù rẹ̀ jáde láìjẹ́ pé a pè é ní ojo. Ní ọjọ́ 20 oṣù Keje 1960, ọkọ̀ George Washington yin Polaris láti abẹ́ òkun, gbogbo ayé sì yin PERT. Ṣùgbọ́n Harvey Sapolsky wádìí ọ̀rọ̀ náà, ó sì kọ ọ́ ní ọdún 1972 pé púpọ̀ nínú àwọn tí ó ṣe iṣẹ́ náà kò fi àwọ̀n yìí ṣe ìtọ́sọ́nà wọn. Iṣẹ́ ńlá tí ó ṣe ni pé ó mú kí àwọn aláṣẹ gbà pé iṣẹ́ wà lọ́wọ́ amòye, kí wọ́n má baà máa yọ wọ́n lẹ́nu. Èyí ni ìlò kẹta: àtẹ lè di ẹ̀kú, kí a gbé e wọ̀, kí ojú má baà rí ẹni tí ó wà lábẹ́ rẹ̀. Ta ni nínú wa tí kò rí ìwé ètò ẹ̀kọ́ tí ó mọ́ tónítóní rí, tí a kọ fún ojú alábẹ̀wò nìkan?

Ní Jàpáánì, lẹ́yìn ogun tí ó parí ní 1945, Taiichi Ohno ti ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ Toyota gba ọ̀nà mìíràn. Ó gbọ́ pé ní àwọn ilé-ìtajà ńlá Amẹ́ríkà, olùrà ni ó ń mú ọjà kúrò lórí pẹpẹ, olùtajà a sì fi òmíràn dí àyè rẹ̀. Ó sọ ọ́ di ìlànà iṣẹ́: ẹni tí ó wà níwájú fi káàdì kékeré kan, tí wọ́n ń pè ní kanban, bèèrè ohun tí ó nílò lọ́wọ́ ẹni tí ó wà lẹ́yìn, a kò sì gbọdọ̀ ṣe ju iye tí a bèèrè lọ. Òṣìṣẹ́ tí ó bá rí àbùkù lè dá gbogbo iṣẹ́ dúró, kí a wá wo ìdí rẹ̀. Bí a bá gba kàpẹ́ńtà mi láàyè láti ké ní ọjọ́ kìn-ín-ní pé, "Igi kò sí," ògiri wa ìbá má wó.

Ìyókù ni ọ̀rọ̀ ohun tí ó yẹ kí a kọ́ ṣe nígbà tí gbogbo iṣẹ́ bá dé lẹ́ẹ̀kan náà. Ní ọjọ́ 19 oṣù Kẹjọ 1954, Ààrẹ Dwight Eisenhower ti Amẹ́ríkà bá àpéjọ kejì Ìgbìmọ̀ Àwọn Ìjọ Àgbáyé sọ̀rọ̀ ní Evanston, ní ìpínlẹ̀ Illinois. Ó mú ọ̀rọ̀ ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ gíga kan wá, ẹni tí ó ní irú ìṣòro méjì ni òun ní, èyí tí ó ń kánjú àti èyí tí ó ṣe pàtàkì, àti pé ohun tí ó ń kánjú kì í ṣe pàtàkì, bẹ́ẹ̀ ni ohun pàtàkì kì í kánjú. Ní ọdún 1989 Stephen Covey fi ìwé rẹ̀ sọ èrò náà di ilé oníyàrá mẹ́rin: ohun tí ó ṣe pàtàkì tí ó sì ń kánjú, ohun pàtàkì tí kò kánjú, ohun tí ń kánjú tí kò ṣe pàtàkì, àti ohun tí kò jẹ́ ọ̀kan nínú méjèèjì. Bí iná bá ń jó ilé, a kì í jókòó fa àtẹ. Ṣùgbọ́n iyàrá kejì ni olùkọ́ sábà máa ń pa tì. Ọmọ tí kò lè kàwé dáradára kì í pariwo. Kò ń kánjú lónìí, kò sì ń kánjú lọ́la, títí ọjọ́ ìdánwò yóò fi dé. Páànù mi kánjú lójú mi nítorí ó ń dán. Igi kò dán, igi sì ni ilé dúró lé.

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ má ṣe fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú àwọn àtẹ wọ̀nyí. Ẹ fi bébà àti pẹ́ńsù fa wọ́n. Kò gba ẹ̀rọ kankan. Ẹ kọ iṣẹ́ sílẹ̀, ẹ kọ ohun tí ó ń dúró de òmíràn, ẹ wá ọ̀nà tí ó gùn jù, kí ẹ sì kọ́ ná owó àti agbára yín síbẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí ìlà bá fi hàn pé ẹnìkan pẹ́, ẹ ṣọ́ra. Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Ọmọ tí ó pẹ́ dé ilé-ẹ̀kọ́ lè ti pọn omi ìgbà mẹ́ta kí ilẹ̀ tó mọ́. Ọmọ tí kò ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá lè má ní àtùpà ní ilé. Olùkọ́ kékeré tí kò kọ́ ẹ̀kọ́ tán lè máa dúró de ìwé tí ọ̀gá rẹ̀ tì mọ́ inú àpótí.

Iyàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ wa parí ní ọdún tí ó tẹ̀lé e. Kàpẹ́ńtà kan náà ni ó to òrùlé rẹ̀, igi ni mo sì kọ́ rà. Nígbà tí a ń ṣí ilé náà, baba arúgbó yẹn wo òkè, ó rẹ́rìn-ín, kò sì sọ̀rọ̀. Mo kọ ìbéèrè rẹ̀ sí ẹ̀yìn ìwé àkọsílẹ̀ mi, mo sì ń ṣí i wò kí n tó bá ẹnikẹ́ni wí: Ọjọ́ wo ni igi dé?